Ẹ ha á kí ẹ tó gbé e mì: bí fóònù tọ́ọ̀ṣì ṣe lè bá yín wádìí oògùn

Tí ẹ bá ń ti Èkó bọ̀ lójú ọ̀nà Badagry, tí ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún ní oríta Agbárá, ẹ ti wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tó wà nílé yín: ọṣẹ, ohun mímu, ìgò, kódà oògùn. Ilé-iṣẹ́ Evans wà ní Agbárá, Pharma-Deko wà ńbẹ̀, GSK náà lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Tí ẹ bá wá lọ sápá Ọ̀tà, May & Baker ń bẹ lọ́hùn-ún, Fidson sì wà ní Ṣàngó. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Ado-Odò/Ọ̀tà, ló ni gbogbo wọn. Tí ibì kan bá wà ní Nàìjíríà tó yẹ kí èèyàn ti lè ra oògùn kó sì sùn fọnfọn, ibí yìí ló yẹ kó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn kọ́ la ti ń rà á. Ọkọ̀ á kó o kúrò ní ilé-iṣẹ́, ó lè gbé e gba Ìdúmọ̀tà, alágbàtà á rà á, alágbàtà míì á rà á lọ́wọ́ ẹni yẹn, kó tó wá padà dé kẹ́mísì tó wà ní oríta Agbárá. Láàárín ìrìn àjò yẹn, ta ló lè ka iye ọwọ́ tó kàn án? Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀nà kan náà yìí ló lọ tààrà sí bodè Sẹ̀mẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó di oògùn sínú páálí láàárọ̀ lè fi owó ara rẹ̀ ra ayédèrú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì ní mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ. Ẹ wo ara páálí oògùn ibà, tàbí ti oògùn apakòkòrò bíi Ampiclox. Ẹ ó rí ojú kékeré kan níbẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà, tó jọ ti káàdì ríṣáàjì. Àjọ NAFDAC ló ní kí wọ́n máa fi sára irú àwọn oògùn wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ya páálí náà, tó ń sọ ọ́ nù, tí kò fọwọ́ kan ojú fàdákà yẹn rárá. Àwọn míì rò pé tẹ́tẹ́ ni, pé bóyá ilé-iṣẹ́ oògùn fẹ́ fún èèyàn lẹ́bùn. Àwọn míì ò tiẹ̀ rí i rí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Kò gba dátà, kò gba fóònù olówó gọbọi. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tí màmá àgbà ń fi gbọ́ rédíò lè ṣe é. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí èékánná ha ojú fàdákà náà jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà gígùn kan á yọjú. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn nìkan sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ má fi “ẹ káàsán” tàbí orúkọ oògùn kún un, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni 38353, ti ilé-iṣẹ́ Sproxil. Wọn kì í yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, èsì á wọlé kí ẹ tó gba ṣéńjì yín.

Èsì náà lè sọ pé ojúlówó ni, á sì dárúkọ oògùn. Ẹ ka orúkọ yẹn o! Tó bá jẹ́ oògùn ibà lẹ rà, tí èsì wá ń dárúkọ oògùn mìíràn, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣí ojú fàdákà kúrò lára páálí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Èsì náà sì lè sọ pé wọ́n ti lo nọ́ńbà yìí rí, tàbí pé òun ò mọ nọ́ńbà náà rí rárá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, nítorí pé 3 àti 8 a máa jọra, 1 àti 7 náà a máa jọra, pàápàá tí fàdákà ò bá tíì kúrò tán. Ẹ tún un fi ránṣẹ́. Tí èsì kò bá yí padà, ẹ má gbé oògùn náà mì, kódà kí ẹni tó tà á fi orí ọmọ rẹ̀ búra.

Ibi tó dára jù láti ṣe é ni iwájú ẹni tó tà á fún yín. Ẹ sanwó, ẹ ha á, ẹ dúró de èsì níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ojúlówó kò ní bínú, àfi tí èrò bá pọ̀ lórí ìlà. Tí ẹ bá gbé e délé kí ẹ tó ha á, ọ̀rọ̀ á di “kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lẹ ti rà á.”

Ìṣòro kan wà ṣá o. Ètò yìí gbà pé odidi páálí lèèyàn ń rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rà á? Tó bá di ogúnjọ́ oṣù tí owó oṣù ti rá, ẹlòmíì á ní kí wọ́n bá òun gé káàdì oògùn sí méjì, kí òun mú ìdajì. Páálí á jókòó sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ojú fàdákà náà á jókòó síbẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fi páálí hàn yín, kí ẹ sì bá a ha á. Tí wọ́n bá ti ha á ṣáájú yín fún ẹlòmíì, kò sí ohun tí fóònù yín tún lè sọ. Ní ti oògùn ibà, gígé sí méjì yìí burú lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Oògùn tó ní artemether àti lumefantrine nínú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lèèyàn ń lò ó. Àgbàlagbà máa lo hóró 6 tó bá jẹ́ èyí tó ní agbára 80/480, tàbí hóró 24 tó bá jẹ́ 20/120. Ẹni tó bá ra ìdajì, ìdajì ibà ló wò, ìyókù á padà wá.

Nọ́ńbà tí kò tẹ̀lé òfin kankan

Báwo ni nọ́ńbà lásán ṣe wá lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú? Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ojú ẹni tó ń ṣe ayédèrú. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáa. Àwọ̀ páálí, ó lè tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, àmì tó ń yí àwọ̀ padà lójú oòrùn, gbogbo rẹ̀ ló lè tẹ̀. Ohun tí ojú bá lè rí, ẹ̀rọ lè dà á kọ. Nígbà míì, tiwọn tiẹ̀ máa ń dán ju ojúlówó lọ. Àwọn àgbà ti ní a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òun mọ ayédèrú tí òun bá ti rí i, ẹ bá mi rọra rẹ́rìn-ín sí i.

Ohun tí ayédèrú kò lè tẹ̀ ni ohun tí kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò náà ló mú àwọn nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń mú ìbò. Wọn ò tò tẹ̀ léra, wọn ò tẹ̀lé ìlànà kan tí èèyàn lè fi orí ṣírò. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára páálí kan ṣoṣo. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ yín bá dé, ìbéèrè méjì péré ni kọ̀ǹpútà náà ń bi ara rẹ̀: ṣé nọ́ńbà yìí wà nínú ìwé mi? Ṣé ẹnì kan ti bi mí rí?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Ká ní nọ́ńbà náà ní òǹkà 12. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò ó jẹ́ 1,000,000,000,000. Ká tún ní ilé-iṣẹ́ náà ti lo 100,000,000 nínú rẹ̀, ìyẹn páálí mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹ pín in: nínú nọ́ńbà 10,000, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé. Ayédèrú tó bá fẹnu lásán hùmọ̀ nọ́ńbà 10,000, tó tẹ̀ wọ́n sára páálí 10,000, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan ba ibi tó yẹ. Àwọn 9,999 tó kù á tú u fó.

Tó bá wá ra ojúlówó kan ńkọ́, tó ha á, tó sì da nọ́ńbà rẹ̀ kọ sára páálí 1,000? Ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè máa gbọ́ pé ó dára. Àwọn 999 tó kù á gbọ́ pé wọ́n ti lò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fàdákà bo nọ́ńbà náà, kí ó lè jẹ́ àṣírí títí oògùn á fi dọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Ìdí náà nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gba páálí tí wọ́n ti ha sílẹ̀, bí ẹ ò ṣe lè fowó ra káàdì ríṣáàjì tí ẹlòmíì ti ha.

Àfiwé káàdì ríṣáàjì yẹn kì í ṣe àsọdùn. Láti 2001 tí GSM ti wọ Nàìjíríà ni ọwọ́ wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń ha nǹkan, tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà, tí wọ́n ń dúró de èsì. Àwọn ọmọ Ghana méjì, Bright Simons àti Ashifi Gogo, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé ohun tí gbogbo ará ọjà ti mọ̀ ọ́n ṣe yìí lè dáàbò bo oògùn. Gogo ló dá Sproxil sílẹ̀. Ní 2010, nígbà tí Paul Orhii jẹ́ ọ̀gá NAFDAC, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní Nàìjíríà, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní Glucophage sì wà lára àwọn tí wọ́n fi dán an wò.

Ní Yúróòpù, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti di dandan lára oògùn tí dókítà ń kọ fúnni láti oṣù kejì ọdún 2019. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, apoògùn ló ń fi ẹ̀rọ wò ó kó tó gbé e lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí orí ń fọ́, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Èmi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ṣe.

Báàkóòdù ńkọ́?

Ẹ̀yin náà á ti gba iṣẹ́ yẹn lórí WhatsApp rí: “Tí báàkóòdù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615, Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, ojúlówó ni, ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá.” Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan. Ohun tí 615 ń sọ ni pé ẹ̀ka àjọ GS1 tó wà ní Nàìjíríà ló fún ilé-iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà. Kò sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe ọjà, ká má tiẹ̀ sọ pé ó dára.

Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe báàkóòdù kan báyìí, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ mú òǹkà 12 tó bá wù yín, bíi 615123456789. Ẹ ro ti ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, títí lọ, pọ̀: 6+5+2+4+6+8, ó jẹ́ 31. Ẹ ro àwọn tó kù pọ̀: 1+1+3+5+7+9, ó jẹ́ 26. Ẹ sọ 26 di ìlọ́po mẹ́ta, ó jẹ́ 78. Ẹ ro 31 àti 78 pọ̀, ó jẹ́ 109. Mélòó ló kù kó pé 110? Ẹyọ kan. Òǹkà ìkẹtàlá nìyẹn, nọ́ńbà yín ti di 6151234567891, ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kankan kò sì ní sọ pé wọ́n ṣì í kọ. Òǹkà ìkẹyìn yẹn wà kí ẹ̀rọ lè mọ̀ tí òun bá ṣi ilà kan kà, kò wà fún olè. Ọmọ ilé-ìwé girama lè ṣe ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ kó tó jẹun ọ̀sán.

Ohun mìíràn tún ni pé báàkóòdù ara páálí oògùn kan ló wà lára gbogbo páálí oògùn irú kan náà. Ó dà bí oríkì orílẹ̀, gbogbo ọmọ ilé ló ń jẹ́ ẹ. Nọ́ńbà abẹ́ fàdákà dà bí ìlà àtàǹpàkò, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Lẹ́yìn tí GSK kó ẹrù

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, pé àwọn mìíràn ni yóò máa bá òun kó oògùn wọlé. Nígbà tó máa tó ìparí ọdún náà, P&G, tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Agbárá nígbà kan, náà kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé ọjà tí wọ́n bá kó wọlé nìkan ni àwọn á máa tà. Ní Agbárá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ro, kò sì yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó ní ikọ́ fée, Ventolin ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ti màmá tí dókítà kọ Augmentin fún ọmọ rẹ̀, iye tó ń rà á tẹ́lẹ̀ kò rà á mọ́. Oògùn méjèèjì di ọ̀wọ́n, owó wọn sì fò sókè.

Ọ̀wọ́n oògùn ni ọjà ayédèrú. Wọ́n ń ṣe ayédèrú ohun tó pọ̀ nílẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré pẹ̀lú. Ohun tí èèyàn ń wá kiri, tó gbówó lórí, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo ayé, wọ́n ń fara wé òun náà. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òun ní èyí tó dín sí iye tí kẹ́mísì mẹ́ta pè é, inú yín á dùn. Kí inú yín tó dùn tán, ẹ wá ojú fàdákà. Ti inú ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń polówó rẹ̀ láti Mile 2 dé Badagry, ẹ má tiẹ̀ wò ó rárá, nítorí pé òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa kiri oògùn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú ní 2017 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, bí ọjà ìṣègùn 1 nínú 10 ló jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Dora Akunyili, tó jẹ́ ọ̀gá NAFDAC láti 2001 sí 2008, kò nílò òǹkà yẹn kó tó mọ ohun tó ń bá jà. Àbúrò rẹ̀ kú ní 1988 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ayédèrú insulin. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti àwọn ọjà oògùn ńlá ní Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba pa fún ìgbà díẹ̀ láti tú wọn wò. Ìdúmọ̀tà kan náà tí mo dárúkọ lókè ni.

Tí kò bá sí ojú fàdákà

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní in. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, oògùn ikọ́ ọmọdé ńkọ́? Níbí, ẹ máa nílò dátà díẹ̀. NAFDAC ní ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní Greenbook, greenbook.nafdac.gov.ng. Àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tí wọ́n ti fún ní àṣẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn tàbí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀, èròjà inú rẹ̀, agbára rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ni ín.

Ẹ fi ohun tó wà lójú fóònù wé ohun tó wà lára páálí, lẹ́tà fún lẹ́tà. Àwọn alayédèrú a máa yá nọ́ńbà NAFDAC lò, wọ́n lè mú ti omi inú ọ̀rá lẹ̀ mọ́ oògùn. Tí ẹ bá wá nọ́ńbà náà, tí nǹkan mìíràn jáde, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ọdún márùn-ún márùn-ún sì ni àṣẹ oògùn ń lò, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un gbà lẹ́yìn náà, torí náà ẹ wò ó bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. Greenbook kò lágbára tó ojú fàdákà o. Irú oògùn ló mọ̀, kò mọ páálí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ kọ láìṣì í, Greenbook ò ní mú un.

Tí ojú yín bá ti ń ṣe bàìbàì, tí ẹ ò lè ka kíkọ́ wínníwínní yẹn, ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya páálí náà, kí ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Google Lens tiẹ̀ lè yọ nọ́ńbà náà jáde kúrò lára fọ́tò fún yín, kí ẹ kàn dà á kọ sínú àpótí ìwákiri. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló máa gbádùn ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ lọ.

Ohun tí fóònù kò lè rí

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Kíndìnrín wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ 84 ló kú. Kì í ṣe ayédèrú o. Ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ oògùn náà ló ṣe é, nínú ilé-iṣẹ́ wọn gan-an. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po oògùn ni wọ́n rà, propylene glycol, tí ẹni tó tà á fún wọn ti fi diethylene glycol rọ́pò. Diethylene glycol dùn lẹ́nu, ó sì máa ń pa kíndìnrín. Ní 1990, kẹ́míkà kan náà ti pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos nínú oògùn paracetamol olómi. Ní 2022, ó tún dé Gambia nínú oògùn ikọ́, àwọn ọmọ tó bí 70 sì bá a lọ.

Ká ní ojú fàdákà wà lára My Pikin, ká ní màmá ọmọ ha á, ká ní ó fi ránṣẹ́. Èsì tó máa wọlé ni pé ojúlówó ni. Òótọ́ ni kọ̀ǹpútà á sì sọ. Ẹni tó ṣe oògùn ni nọ́ńbà náà mọ̀, kò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Àyẹ̀wò ti inú ìgò, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò NAFDAC ni, àti ti ilé-iṣẹ́ tó ń po oògùn. Kò sí áàpù tó lè bá wa ṣe ìyẹn.

Ohun tí fóònù lè ṣe níbẹ̀ ni kó bá yín gbọ́ ìròyìn ní kíá. Lára gbogbo oògùn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní batch, tó sábà máa ń wà nítòsí ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Oògùn tí wọ́n bá po pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NAFDAC ní kí wọ́n kó Benylin ọmọdé batch 329304, tí wọ́n ṣe ní South Africa, kúrò lọ́jà, nítorí pé àyẹ̀wò òun rí diethylene glycol tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo Benylin, batch yẹn nìkan ni. Ẹni tó ti ju páálí nù kò lè mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ra oògùn olómi fún ọmọ, ẹ ya fọ́tò ibi tí batch àti ọjọ́ ìbàjẹ́ wà, ó tán. Nígbà tí ẹ bá sì wà níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ oògùn náà sórí Google pẹ̀lú “NAFDAC alert”, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Ojú ìkànnì nafdac.gov.ng fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tó ní “NAFDAC sọ pé”, tí kò sí batch nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Tí oògùn bá ti wọ ara, tó wá ṣe yín ní ohun tí kò yẹ, bóyá ara ń wú tàbí èémí ń há, ilé ìwòsàn lẹ kọ́kọ́ máa sáré lọ. Tí ara bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, áàpù Med Safety wà lórí Play Store, ọ̀fẹ́ ni, NAFDAC sì ti ń lò ó láti 2020. Ẹ ó kọ orúkọ oògùn, batch rẹ̀, àti ohun tó ṣe yín. Tí ìròyìn mẹ́ta mẹ́rin bá jáde lórí batch kan ṣoṣo, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún á rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló sọ pé ayédèrú ni, ẹ má ju oògùn náà sí kòtò, ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó tà á nítorí owó yín. Ẹlòmíì ló máa tún un tà fún. Ẹ gbé e, páálí, rìsíìtì àti èsì tó wà lórí fóònù, lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó bá sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, tí wọ́n bá fi síbẹ̀.

Ẹ̀tàn kan ló kù tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ayédèrú ọlọgbọ́n lè ṣe ojú fàdákà tirẹ̀, kó kọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìbéèrè yín lọ bá a nílé, kó sì dá yín lóhùn pé ojúlówó ni. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà fóònù gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 tàbí 070 níbi tó yẹ kí nọ́ńbà kúkúrú wà, ẹ fi oògùn náà sílẹ̀ fún un. Tó bá sì jẹ́ ojúlówó lẹ rà, tí ẹ lò ó tán, ẹ ya páálí náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ sì ya ìwé ara ìgò kúrò kí ẹ tó jù wọ́n sí ààtàn, nítorí pé àwọn kan wà tó ń ra ìgò àti páálí òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa wọ́n kiri.